Kọ̀ǹpútà Mi Ò Fọhùn Lónìí

Kò tún fọhùn. Ẹ̀ẹ̀keje rèé... àbí ẹ̀ẹ̀kẹjọ ni? Mo tan kọ̀ǹpútà, fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kùn nínú lọ́hùn-ún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Mo ń kà á lọ́kàn. Tí mo bá ti ka àádọ́ta, ó yẹ kó kí mi, ohùn òyìnbó yẹn tí Sìdíkátù ìyàwó mi máa ń sọ pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é. Mo ka àádọ́ta. Mo ka ọgọ́rùn-ún. Mo tilẹ̀ gbé etí lé sípíkà... Sípíkà wà láàyè, ó ń kùn fẹ́ẹ́rẹ́, wáyà rẹ̀ wà nínú ihò, ó le dáadáa. Ohùn ni kò sí.

Bọ̀ọ̀dá Ràímì sì ti dé Ìyànà Ìpájà.

"Jàfárù, mo ti bọ́ọ́lẹ̀ o. Má wulẹ̀ jáde wá pàdé mi." Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́ lórí fóònù nìyẹn, wọ́n sì pa á. Má wulẹ̀ jáde. Ta ló ní mo fẹ́ jáde? Láti Ìyànà Ìpájà dé Ìkòtún níbí, tí ọ̀nà bá dáa, kò ní ju wákàtí kan lọ. Tí wọ́n bá wá lọ gun ọ̀kadà láti Ègbèdá... Wọn ò fẹ́ràn ọ̀kadà. Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n gun ọ̀kadà. Wákàtí kan. Mo ní wákàtí kan.

Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, kò sídìí tí màá fi parọ́. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé òógùn àtẹ́lẹwọ́ mi ń yọ̀ lórí àwọn lẹ́tà tí mò ń tẹ̀.

Èmi náà ni mo fẹnu ara mi fa gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú gbogbo ẹbí. Mo ní mò ń ṣiṣẹ́. Mo ní àwọn àáfà ń gbé wáàsí tí wọ́n gbà sórí fóònù wá fún mi, mò ń gbọ́ ọ, mò ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi ṣe ìwé. Bọ̀ọ̀dá Ràímì rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò ríran ń tẹ kọ̀ǹpútà? Jàfárù, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Sọ pé ìyàwó ẹ ló ń bọ́ ẹ, kò sẹ́ni tó máa bú ẹ." Mo ní kọ̀ǹpútà náà ń fọhùn, òun ló ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Ó dáa. Màá wá sí Èkó. Tí mo bá fetí ara mi gbọ́ ọ, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láé. Tí mi ò bá gbọ́ ọ, èmi àti ẹ la jọ ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn. Kí ìyàwó ẹ àti ọmọ máa bá wa bọ̀ tó bá yá." Mo ní ó dáa. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnu mi yìí náà ni!

Ká ní ìkà ni wọ́n, ì bá rọrùn. Wọn kì í ṣe ìkà. Wọ́n fẹ́ràn mi. Ìfẹ́ náà gan-an ló ń bà mí lẹ́rù... Bàbá Jibril, àbúrò bàbá wa, ojú wọn lọ nígbà tí mo ṣì kéré. A gbé àga kan fún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n sì jókòó sí fún ọdún méjìlélógún. À ń gbé oúnjẹ fún wọn, à ń gbé omi ìwẹ̀ fún wọn, a ò fìyà jẹ wọ́n lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n a kì í bi wọ́n ní nǹkan kan. Tí ẹbí bá ń ṣèpàdé, orí wọn là ń sọ̀rọ̀ gbà kọjá. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń gba iwájú wọn lọ láì kí wọn, nígbà tí mo ti mọ̀ pé wọn ò rí mi. Ibi tí ẹ̀yìn wọn máa ń kàn lára ògiri ń dán. Mo rántí dídán ògiri yẹn ju ojú wọn lọ.

Àga náà ṣì wà. Ìyá wa ló sọ fún mi. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Ràímì ti pe káfíńtà kó bá wọn kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó mì.

Rárá o. Ronú, Jàfárù. Kí ló bà á jẹ́? Àná ni, láàárọ̀, ohùn ṣì wà. Ó kí mi, ó ka wáàsí tí mo tẹ̀ fún mi, ó ní àtúnṣe tuntun ti dé fún Ubuntu, ṣé kóun gbà á? Ubuntu ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi. Báyọ̀dé tó kọ́ mi níṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ àwa tí ò ríran, ló fún mi. Òun náà ò ríran. Ó ní èyí tó ń fọhùn lórí Windows, àwa kọ́ la lè rà á, ṣùgbọ́n Ubuntu, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ayé ló jọ ni ín, àwọn tó ṣe é ò sì fi nǹkan kan pa mọ́ nínú rẹ̀. Tó bá bàjẹ́, o lè tọwọ́ bọ inú rẹ̀ fúnra rẹ. O lè tọwọ́ bọ inú rẹ̀... Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí lọ́jọ́ tó sọ ọ́.

Mo ní kó gba àtúnṣe náà. Ó lé ní wákàtí méjì tó fi ń fà á wọlé. Láàrin kan ó bi mí ní ìbéèrè gígùn kan, pé fáìlì kan báyìí báyìí, ṣé kóun fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ni àbí kóun gba tuntun? Rédíò ìyá onílé ń pariwo nísàlẹ̀, mi ò gbọ́ ọ délẹ̀. Mo tẹ Enter. Mo ṣáà tẹ Enter! Ó parí, ó ní kí n pa òun kí n tún òun tàn. Kí n tó ṣe é, iná lọ. Àárọ̀ yìí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, iná dé, mo tàn án...

Enter yẹn ni. Ìbéèrè tí mi ò gbọ́, mo dáhùn sí i. Ohùn gan-an ló ṣeé ṣe kí n ní kó mú kúrò. Ó ṣeé ṣe kó bi mí pé, ṣé kí n gé ahọ́n ara mi, kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ta ni màá pè? Gbogbo àwọn tó lè kàwé nínú ilé yìí ti lọ síbi iṣẹ́. Sìdíkátù wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ìgándò, Ganiyat ọmọ wa wà níléèwé. Ìyá onílé nìkan ló kù nísàlẹ̀, tí mo bá sì pe ìyá onílé, kí ẹ̀gbọ́n mi tó gun àtẹ̀gùn wa tán, wọ́n á ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà Bàbá Ganiyat ti kú, àánú ẹ̀ mà ṣeni o. Mo pe Báyọ̀dé lẹ́ẹ̀marùn-ún. Fóònù rẹ̀ ò lọ.

Kí ló máa ń sọ, Báyọ̀dé? Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó máa ń rọra sọ ọ́ bí àgbàlagbà: "Ẹ̀gbọ́n, tí nǹkan bá dédé bàjẹ́, ohun tí ẹ fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí." Ohun tí mo fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Àtúnṣe yẹn náà ni. Enter yẹn náà ni.

Ó tún kọ́ mi ní ọgbọ́n kan. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohùn máa lọ, kí n má bẹ̀rù. Mo tẹ Kọ́ńtírò, Alt àti T pọ̀, kí fèrèsé àṣẹ, níbi téèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣí. Ṣé ó ṣí? Mi ò mọ̀. Òkùnkùn ni mò ń sọ̀rọ̀ sí. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà márùn-ún, *eject*. Mo tẹ Enter. Mo gbé ọwọ́ síwájú ẹ̀rọ náà... Tàk! Ibi tí a ń fi CD sí yọ jáde, ó kan ìka mi.

Ó gbọ́ mi! Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Ó yọ ahọ́n sí mi bí ọmọ alákọrí, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò ó. Mo tì í padà. Mo ní kó tún yọ ọ́. Ó yọ ọ́.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣẹ tí mo bá pa, màá so *eject* mọ́ ìdí rẹ̀: tó bá ṣeé ṣe, kó yọ ahọ́n, tí kò bá ṣeé ṣe, kó mú un dání. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé o ṣì mọ káàdì ohùn tó wà nínú rẹ? Káàdì ohùn yìí kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà, ògbufọ̀ kan ló wà láàrin wọn, díráfà ni Báyọ̀dé ń pè é. Tí díráfà bá ti sọ nù, oníkálukú á jókòó sílé ara rẹ̀. Mo béèrè pé, díráfà ńkọ́? Tàk. Ó yọ. Díráfà wà.

Mo ní kó lé díráfà náà jáde, kó tún un pè wọlé ní tuntun. Ó gba ọ̀rọ̀ àṣírí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í kọ ọ̀rọ̀ àṣírí síta nígbà téèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́, Báyọ̀dé ní àwọn tó ríran pàápàá kì í rí i. Ibẹ̀ nìkan ni gbogbo wa ti dọ́gba. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú òógùn lọ́wọ́, mo dúró... dúró... Tàk. Ó ti ṣe é. Mo ní, ó yá, gbé ohùn jáde, èyíkéyìí tó o bá ní nínú. Ó pẹ́ díẹ̀. Tàk. Ó lóun ti gbé e jáde.

Èwo lo gbé jáde? Níbo lo gbé e gbà? Mi ò gbọ́ nǹkan kan!

Èyí burú ju kó sọ pé rárá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló ń wí fún mi, yàrá sì pa rọ́rọ́. Àbí etí mi ni? Mo pa àtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ọ. Adìyẹ ìyá onílé ń ké nísàlẹ̀, mo gbọ́ ọ. Etí mi kọ́. Ọlọ́run, jọ̀ọ́, etí kọ́. Ojú lọ, mi ò bá Ọ jà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn náà nìyí. Nǹkan gbogbo ń sọ pé òun dáa. Rẹ́wáyà ni mí ní Dópẹ́mú, èmi ni mo ń tún wáyà mọ́tò ṣe, ọ̀gá mi máa ń sọ pé ọwọ́ mi ní ojú. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni ojú tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wáyà pupa àti wáyà dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jọra wọn lójú mi, mi ò sọ. Màá ṣe bí ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò, màá gbé orí sọ́tùn-ún, màá gbé e sósì, màá wá mú ọ̀kan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń mú ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Títí tí mo fi gbé pupa síbi dúdú nínú mọ́tò oníbàárà kan, tí iná sọ... Òórùn rọ́bà tó ń jó yẹn ò tíì kúrò nímú mi. Ọ̀gá mi ò nà mí. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Kí ló dé tó ò bi mí? Jàfárù, ká ní o bi mí pé èwo ni pupa, ṣé màá pa ẹ́ ni?"

Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ńkọ́? Tí n bá sunkún báyìí, omi lásán ni.

Aago mélòó ló lù? Wọn ò tíì pe ìrun Àsárì. Tí wọ́n bá ti dé Ìdímù... Yàrá yìí ṣáà mọ́, ó kéré tán wọn ò ní rí ẹ̀gbin. Lánàá, lẹ́yìn tí iná lọ, mo tú gbogbo tábìlì palẹ̀, ẹ̀rọ, sípíkà, gbogbo rẹ̀, mo fi aṣọ àti omi ọṣẹ nù ún, mo fi ọ̀bẹ ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo tún wọn tò bí tuntun. Sìdíkátù ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá Ganiyat, kí lẹ tún ń ha bẹ́ẹ̀? Ṣé ìyàwó tuntun ló ń bọ̀ ni?" Mo ní ìdọ̀tí ni. Ó ní, "Ìdọ̀tí wo? Mo ṣáà gbálẹ̀." Mo ń ha á lọ.

Kí n tún béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí ni? Kí n gba àtúnṣe mìíràn? Tí n bá tún lọ tẹ ohun tí mi ò mọ̀... Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ọwọ́ mi ò fẹ́ kan lẹ́tà kankan mọ́.

Ọwọ́ mi wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Mo ti fa wáyà sípíkà yọ, mo ń yí ṣóńṣó rẹ̀ láàrin ìka bí mo ṣe máa ń ṣe ní Dópẹ́mú tí nǹkan bá sú mi. Àtàǹpàkò mi kan ẹnu irin rẹ̀ —

Vùùùù!

Sípíkà ké. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Mo tún fọwọ́ kàn án. Vùùù. Ẹ wo nǹkan! Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń dán rédíò mọ́tò wò: fọwọ́ kan ẹnu wáyà, tí sípíkà bá kùn, sípíkà dáa, wáyà náà dáa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí wọ́n kọ́ mi. Láti aago mẹ́wàá ni mo ti jókòó síbí, tí mò ń fi gẹ̀ẹ́sì bẹ kọ̀ǹpútà, tí mi ò rántí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Dúró ná. Dúró. Sípíkà dáa. Wáyà dáa. Kọ̀ǹpútà lóun mọ káàdì ohùn, ó lóun ń gbé ohùn jáde, bóyá òótọ́ ló ń sọ láti àárọ̀. Tí ohùn bá ń jáde lọ́hùn-ún, tí wáyà sì dáa níhìn-ín, kí ló wà láàrin wọn?

Ihò.

Mẹ́ta ni ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lọ́wọ́. Àwọ̀ ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀ fáwọn olójú, ihò aláwọ̀ ewé ni ohùn ń gbà jáde, àwọn méjì tó kù, ohun tó ń wọlé ni wọ́n wà fún. Ìdí nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo gbé e délé, tí Sìdíkátù fi ìka mi sórí aláwọ̀ ewé, tí mo tan àbẹ́là, tí mo kán ẹ̀kán kan péré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbẹ, ó le bí èkùrọ́ kékeré. Ọdún méjì ni ìka mi ti ń kọ́kọ́ wá ẹ̀kán yẹn kí n tó ki wáyà bọ ibẹ̀...

Níbo ló wà?

Mo fi ìka wá a. Mo tún wá a. Ó tẹ́jú. Ó mọ́. Ó ń dán.

Mo ha á. Èmi ni. Ọ̀bẹ yẹn... Ohun tí mo fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn nìyí, Báyọ̀dé. Mo ha àmì mi dànù tán, mo wá ki wáyà bọ ihò tí mo bá lọ́wọ́, mo sì lọ ń di ẹ̀bi ru Ubuntu.

Ìdọ̀tí kọ́ sì ni. Sìdíkátù mọ̀ pé ìdọ̀tí kọ́. Èmi náà mọ̀, ọwọ́ mi mọ ohun tí ọ̀bẹ ń ha, mo ṣáà ń ha á. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dé, kí wọ́n rí àbẹ́là lẹ́yìn ẹ̀rọ mi, kí wọ́n ní, Jàfárù, kí lèyí? Kí n wá sọ pé àmì ni, pé torí mi ò ríran ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ mi dà bí ẹ̀rọ olójú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Dópẹ́mú, mo ṣì ń gbé orí sọ́tùn-ún, mo ń gbé e sósì, mo ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ wáyà wò!

Ikọ́ kan wá láti ìsàlẹ̀. Mo mọ ikọ́ yẹn láti kékeré. Ìyá onílé ń kí wọn káàbọ̀. Bàtà wọn ti kan àtẹ̀gùn.

Ihò mẹ́ta péré. Mo lè dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dé òkè. Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí wọ́n bá ohùn náà tó ń ka wáàsí, kí n jókòó síbẹ̀, kí n máa rẹ́rìn-ín, bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Bíi pé... Ọwọ́ mi ti gbé wáyà náà dé ẹnu ihò àkọ́kọ́.

Rárá. Èyí náà ni mo ṣe ní Dópẹ́mú fún oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, kò lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wo ihò mẹ́ta yìí kí wọ́n wò mí, kí wọ́n ní, ṣé mo sọ fún ẹ? Ṣùgbọ́n àwọn ni màá bi. Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìrìn, ẹ má tíì jókòó, mo ń tún nǹkan ṣe lọ́wọ́ ni. Èwo ló láwọ̀ ewé nínú mẹ́ta yìí? Ẹ bá mi fọwọ́ mi lé e. Ẹ bá mi kán àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tóbi dáadáa. Bàbá Jibril ò bi wá ní irú ẹ̀ rí láti orí àga yẹn, nítorí a ò fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún wọn tí wọ́n máa fi bi wá. Èmi níṣẹ́. Mo ti ń ṣe é láti aago mẹ́wàá, pẹ̀lú òógùn, pẹ̀lú ẹ̀rù, mi ò sì mọ̀ pé òun náà ni mò ń ṣe.

Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ò tíì fọhùn. Wáyà ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún wá àbẹ́là àti ìṣáná lábẹ́ tábìlì.